Àárọ̀ Tí Teslim Fọn Fèrè Ìwọlé

Rédíò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Teslim ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Òwódé ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kò gbé èrò kankan, nígbà tí obìnrin kan lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn bàbá wí. Obìnrin náà ní iṣẹ́ bàbá kò parí síbi kí ó san owó ilé-ìwé kí ó sì máa yan kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ó ní bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò ti máa múra ọmọ náà sílẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé: kí ó máa tètè sùn, kí ó máa tètè jí, kí ó mọ ọ̀nà, kí ara rẹ̀ ti mọ́ ilé-ìwé kí ọjọ́ tó pé. Teslim gbé kẹ̀kẹ́ dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ètò náà yóò fi parí, ó ti dá a lójú pé òun gan-an ni obìnrin náà ń bá wí, ojú ló kàn ń tì í láti dárúkọ òun.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti di egbò sí i lára. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta òun àti Fàdìlàt ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, Ibtisam, ọmọ ọdún mẹ́fà. Nínú ilé, ẹnu Ibtisam kì í dákẹ́, àmọ́ bí ó bá ti fojú kan géètì ilé-ìwé, ńṣe ni yóò ká kò bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn lójú. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ó wà ní jẹ́léósinmi, àràárọ̀ ni ó ń di irin kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ mú, tí ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé tà. Teslim kì í sì í lè le. Bí omijé bá ti dé ojú ọmọ, ojú tirẹ̀ náà á pọ́n, á ní kí ó padà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbé èrò kiri ìlú Ẹdẹ títí di ọ̀sán. Gbogbo onímọ́tò tó wà ní gáréèjì ló mọ Ibtisam. Tíṣà rẹ̀ nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Fàdìlàt, tí ó ń ránṣọ nítòsí ọjà Tìmì, fara dà á títí ó fi sú u. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Sekona, ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà wá fún òun ní Sekona. Ìyá ní ilé-ìwé wà lẹ́yìnkùlé òun, ó ní gbogbo ọmọ tí òun tọ́ ni wọ́n kàwé, kò sì sí èyí tó dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò nínú wọn. Fàdìlàt wá sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

"Bàbá Ibtisam, ó máa wọ Praimárì Wáànù báyìí. Tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá fi lè parí tí kò jókòó sí kíláàsì, Sekona ló ń lọ. Mi ò bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ fún yín."

Teslim ní òun ti gbọ́. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ fún Ibtisam. Ó ń wo bí ilé náà yóò ti rí láìsí Ibtisam: kò ní sí ẹni tí yóò sáré jáde bí ó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tí ewúrẹ́ kì í fi wọ bàtà. Lóòótọ́, Sekona kò jìnnà. Àmọ́ lójú bàbá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, Sekona àti Sáúdí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ obìnrin orí rédíò fi wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, tí ó sì gbé ìpalẹ̀mọ́ náà ka orí bí ẹni ń lọ sí Mẹ́kà.

Ìwé ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ó já kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àdúà wọn tó wà lára ògiri sílẹ̀, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìwé ọmọ. Gbogbo ẹni tó bá ti wé ìwé rí ló mọ̀ pé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó funfun ni à ń kọ síta. Teslim ní rárá, àwòrán dùn ún wò ju funfun lásán lọ. Bí ó ṣe di pé alága ẹgbẹ́ jókòó sórí ìwé ìṣirò nìyẹn pẹ̀lú láwàní ńlá, tí akápò sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwé náà fún Ibtisam, ó wo ìwé ìṣirò, ó kúnlẹ̀, ó kí alága.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ tọrọ ọ̀dà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ nǹkan sára kẹ̀kẹ́. Ó kọ IBTISAM TESLIM sára báàgì, sára ike omi, sí abẹ́ bàtà, sára ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ó kọ ọ́ sára pátá pẹ̀lú, àfi bí ẹni pé ogun ni ọmọ náà ń lọ. Ìgbà tí Fàdìlàt rí i tó ń wo iwájú orí ọmọ, tí ó sì tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ni ó sáré gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti oorun, Teslim pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, kí gbogbo ilé dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ ti ọmọ, tí yóò máa pa àlọ́ fún un títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ìjàpá inú àlọ́ náà kò tíì kúrò nílé rẹ̀ tí òǹpàlọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ibtisam yọ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Mọ́mì, Dádì ti sùn o. Ẹ má jẹ́ ká pariwo."

Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, ìyẹn ìdánrawò. Teslim mú ọjọ́ Ajé tí ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìwọlé. Ó ní gbogbo nǹkan ni àwọn yóò ṣe bí ẹni pé ilé-ìwé ti wọlé ní tòótọ́: wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, Ibtisam á wọ yunifọ́ọ̀mù, òun á sì gbé e gba ọ̀nà ilé-ìwé lọ kí ojú rẹ̀ lè mọ́ ibẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Fàdìlàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní ó dà bí ẹni pé àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe. Àmọ́ òun náà ló di ọbẹ̀ àti ìrẹsì sínú abọ́ ọmọ, nítorí inú rẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, bí eré bí àwàdà ni àlàbọrùn fi ń di ẹ̀wù. Ohun kan wà tí Teslim kò rò mọ́ ọn. Bí ilé-ìwé bá ti wọlé, òun ni ó máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò Òkè Gádà lọ sí ilé-ìwé. Kẹ̀kẹ́ kò lè gbé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, Ibtisam á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kó ti ìkẹyìn. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kì í sọ̀kalẹ̀, kì í pe orúkọ. Fèrè ni ó ń fọn: ọ̀kan á gùn, méjì á kúrú. Kò sí ìyálé ilé kan ládùúgbò náà tí kò mọ fèrè yìí. Bí ó bá ti dún, wọ́n á ki gbogbo ẹ̀kọ tó kù bọ ọmọ lẹ́nu, wọ́n á sì tì í síta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Teslim gbéra tayọ̀tayọ̀. Ibtisam jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì lé itan, alága ẹgbẹ́ ń yọjú láti inú rẹ̀. Teslim ń kọrin. Ibi tí ó ti ń kọrin yìí ni wọ́n ti dé iwájú ilé Ìyá Olúwaṣeun, obìnrin kan tó ń ta ike, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí Teslim ń gbé. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ orí. Ọwọ́ Teslim fọn fèrè, ọ̀kan gùn, méjì kúrú, orin kò sì já lẹ́nu rẹ̀. Ó dé ilé kejì, ọwọ́ tún fọn ọ́n. Bí ó ṣe fọn ọ́n já Òkè Gádà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́.

Ìyá Olúwaṣeun ń gbàdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ fèrè. Kò ṣe àmín. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí kẹ̀kẹ́ Teslim tó ń lọ, ó rí yunifọ́ọ̀mù nínú rẹ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ilé-ìwé náà ti yí ọjọ́ ìwọlé padà láìjẹ́ pé gbogbo òbí gbọ́, ojú sì ti àwọn tí kò gbọ́ gan-an. Ó gbé omi tútù dà lé Olúwaṣeun lórí níbi tó sùn sí. Ó ké sí ilé kejì pé ilé-ìwé ti wọlé, ilé kejì ké sí ìkẹta, wọ́n ní ó dájú pé wọ́n ti tún yí ọjọ́ padà. Kò sí ẹni tó rántí tẹ ẹnikẹ́ni láago. Ta ni yóò tún máa wá ẹlẹ́rìí, nígbà tí fèrè Teslim ti dún?

Ní ilé-ìwé, Bàbá Ìyàndá, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, ń run orín òwúrọ̀ rẹ̀ lórí àga. Nígbà tí Teslim ṣàlàyé ohun tó bá wá, bàbá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Síbẹ̀ ó ṣí géètì. Kò sí nǹkan kan nínú ọgbà náà ju ewúrẹ́ mélòó kan tó ń jẹko lọ. Ibtisam di irin kẹ̀kẹ́ mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà kò ké. Ó ń wò yíká.

"Dádì, àwọn èèyàn dà?"

Teslim sọ fún un pé kò tíì sí ẹnikẹ́ni, pé òun ni ó kọ́kọ́ dé. Ibtisam gbọ́ èyí, ó sì ronú lé e lórí díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò lára irin.

Ibi tí Teslim ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gba ọwọ́ kejì lára irin ni ariwo ti dé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo Òkè Gádà. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan wà lórí ọ̀kadà, ọmọ mẹ́rin lórí ẹyọ kan. Olúwaṣeun ń bọ̀ níwájú, ọṣẹ ṣì wà nínú etí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ti tú ìdajì irun orí rẹ̀, tí ìdajì kejì ṣì wà ní dídì. Bàbá kan wọ sòkòtò oorun, ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́rùn. Ìyá kan ló mú ọmọ wá tán tó wá rí i pé ọmọ aládùúgbò ni òun wọ yunifọ́ọ̀mù fún, ọmọ tirẹ̀ ṣì ń sùn nílé.

Ìyá Olúwaṣeun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Teslim. Ó fẹ̀sùn kàn án pé kí ló dé tí ó fọn fèrè tí kò dúró gbé ọmọ òun, ṣé òun jẹ ẹ́ lówó ni? Teslim ní fèrè wo? Gbogbo wọn jùmọ̀ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo olè tí wọ́n mú nínú ilé rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilé-ìwé ò tíì wọlé. Ìdánrawò ni mò ń ṣe fún ọmọ mi."

Wọ́n wo ewúrẹ́, ewúrẹ́ wò wọ́n. Ìyá kan ní àkàrà òun ti jóná sínú epo nílé, òun yóò sì jẹ́ kí Teslim jẹ gbogbo rẹ̀ tán lónìí. Bàbá aláṣọ oorun wo sòkòtò ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn. Ìyá Olúwaṣeun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tí inú ń bí gan-an kò lè bú Teslim parí, nítorí ẹ̀rín ń já èébú gbà lẹ́nu wọn.

Teslim nìkan ni kò rí rẹ́rìn-ín. Òun ti ba gbogbo ìdánrawò náà jẹ́, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó mú ọmọ wá síbi tó pa rọ́rọ́ kí ẹ̀rù má bàa bà á, ó sì tún fa gbogbo àdúgbò lé e lórí. Ó yí padà kí ó gbé e sá lọ sílé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kẹ̀kẹ́ náà.

Ó wo abẹ́ kẹ̀kẹ́, ó wo ẹ̀yìn géètì, ó sáré jáde sí títì, ó sáré padà. Ó pe orúkọ ọmọ náà títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó ti ń ro bí òun yóò ti sọ ọ́ fún Fàdìlàt nígbà tí Bàbá Ìyàndá fi orín ẹnu rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà kíláàsì Praimárì Wáànù. Teslim sáré lọ síbẹ̀, ó sì dúró lójú fèrèsé.

Ibtisam wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì. Ó ti lé ewúrẹ́ jáde. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó sì ń gba àwọn ọmọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí onílé tí ń gba àlejò. Ó ní kí Olúwaṣeun nu ẹsẹ̀. Ó ní kí ọmọ tó tú irun lápá kan lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Ọmọ kékeré kan dúró síta tó ń sunkún, tó kọ̀ tí kò wọlé. Ibtisam lọ bá a, ó di í lọ́wọ́ mú.

"Má sunkún mọ́. Kò sí ẹni tó ń wò ẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, gbogbo ibẹ̀ ni mo ti wò."

Teslim di irin fèrèsé mú. Ó wá yé e. Láti ọdún kan gbáko, òun ló ń mú ọmọ yìí kẹ́yìn. Òun á ti kó ọmọ gbogbo ayé lọ, òun á ti pàrà ọ̀nà títí, kí ó tó já tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo kíláàsì ti jókòó, tí gbogbo ojú á sì yí padà wo ọmọ kan ṣoṣo tó ń wọlé bọ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ti tàn án, ó ti ra súìtì fún un, kò sì bi í rí pé kí ni ó ń bà á lẹ́rù gan-an. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìrora náà wéréwéré, débi pé kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbà.

Nígbà tí Misisi Ayọ̀dèjì, ọ̀gá ilé-ìwé náà, gbọ́ lórí fóònù pé ilé-ìwé òun ti wọlé láìsí òun níbẹ̀, ó fò lé ọ̀kadà. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò bínú. Obìnrin náà wo bí koríko ti ga tó nínú ọgbà, ó wo iye òbí tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi pé wọ́n wá ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti há ìgbálẹ̀ àti àdá fún wọn. Bàbá aláṣọ oorun ló roko jù. Àwọn ọmọ ń sáré kiri, ìrẹsì inú abọ́ Ibtisam kárí bẹ́ǹṣì kan, nígbà tí oòrùn sì mú, ńṣe ni Teslim ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé.

Ìròyìn ti dé ọjà Tìmì ṣáájú wọn, ó sì ti sanra lọ́nà. Àwọn oníbàárà ń bi Fàdìlàt bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti fi ọkọ rẹ̀ jẹ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí Teslim ròyìn ohun tí Ibtisam sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn fún un, ó fa ọmọ náà mọ́ra. Àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní ìdánrawò yàtọ̀ sí ìdánwò, kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ gan-an pé ná, Ìyá Sekona ṣì ń retí.

Ọjọ́ náà pé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ìwọlé, àwọn oníbàárà Teslim dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń retí rẹ̀, ó sì kọjá lára wọn láìdúró. Ọmọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé, òun nìkan. Bàbá Ìyàndá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí géètì nígbà tí wọ́n dé. Teslim sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó níwájú ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá kún ẹnu rẹ̀. Ibtisam wò ó. Ó wo ọgbà ilé-ìwé tó ṣófo. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Dádì, ẹ tètè lọ kó àwọn yòókù wá," ni ó wí. "Ta ló máa gbà wọ́n tí mo bá tún tẹ̀lé yín?"

Ó wọlé lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Teslim ṣì lóṣòó síbẹ̀, ó ń retí ẹkún tó ti mọ́ ọn lára, ẹkún tí ó ti sá fún láti ọdún tó kọjá. Ẹkún náà dé lóòótọ́, ojú tirẹ̀ ló gbà jáde. Bàbá Ìyàndá bi í bóyá kí òun bá a pe ọmọ padà. Ó mi orí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, ó sì wọ inú kẹ̀kẹ́ lọ kó àwọn yòókù.